Ọjọ́ Tí Òkun Ń Sinmi

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé láti Ọjà'ba, tó ní kí n dìde kí n lọ di ẹrù mi. Mo ti ṣà á dé ìdajì. Ó dá mi lójú pé ìdajì ni, nítorí mo da èyí tí mo ti ṣà mọ́ èyí tí n kò tíì ṣà kí n tó sáré wọlé, n kì í sì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn tàbí ìsinsìnyí.

“Ìyá, níbo là ń lọ?”

“Etí òkun.”

“Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Ẹja la fẹ́ lọ rà.”

Kò sí ẹni tó ta ẹja rí nínú ìdílé wa. Aró ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pa láti ìgbà ọmọdé rẹ̀, Ìyá Aláró sì ni gbogbo agboolé ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dú fún aró dé ọrùn ọwọ́, èékánná rẹ̀ sì dà bí ìyẹ́ agbe. Bàbá mi ti gba ìgbàgbọ́ ní tirẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ; Ìyá Aláró ń kírun rẹ̀ lójoojúmọ́, èyí kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Bí ọdún iléyá bá dé, a ó lọ jẹran lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, yóò wá jẹyán lọ́dọ̀ wa, yóò sì sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó.

Ẹja kọ́ ni a fẹ́ lọ rà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà ní rélùwéè ló fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣaya. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ débi pé kò lè pe iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà lẹ́nu láìrẹ́rìn-ín. Bàbá wa kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará etí òkun ni, láti ìlú kékeré kan ní ọ̀nà Àgbádárìgì, láàárín ọ̀sà àti òkun, nínú ìdílé wa a kì í sì í gbà fún àna kí a tó wádìí ilé wọn. Ìyá Aláró ni àgbà, òun ni yóò ṣe ìwádìí náà. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ó ní ìdí tí kò fi fẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ọ̀nà jíjìn ló lọ ilé ọkọ. Nígbà tí oyún ọmọ náà wúwo, ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá òun. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní í wáyé ní ìta. Nígbà tí Ìyá Aláró máa fi gbọ́ ìròyìn mìíràn, wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. Kì í sọ ọ́. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan, tó sì kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ bi í. Nítorí náà, ohun tó ń lọ wò ní etí òkun yé gbogbo wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀: bí ọmọ wa bá lóyún lọ́dọ̀ wọn, ṣé wọn yóò jẹ́ kó wá sílé wá bímọ?

Ṣùgbọ́n kò lè bi wọ́n léèrè. Ẹni tó ń wádìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun ti wá, nítorí bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ará ilé ìyàwó ni, ohun tó dára nìkan ni wọn yóò jẹ́ kó rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi di oníṣòwò ẹja ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ti yá apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà'ba, apẹ̀rẹ̀ gbígbó tó ń rùn débi pé ewúrẹ́ ilé wa sá fún un. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà.

“Èwo ni ti ọmọ yìí?” bàbá mi bi í. “Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?”

“Kì í sọ̀rọ̀,” Ìyá Aláró dáhùn. “Tí wọ́n bá bi í léèrè nǹkan, yóò kàn máa wò wọ́n ni. Irú ẹ̀ ni mo ń fẹ́.”

Ó sì tún fún mi ní òfin kan: a kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ wọn. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá ti jẹun nílé tó ń wádìí ti gbà fún wọn nìyẹn. “Bí mo bá ti gbé òkèlè wọn mì,” ó ní, “ẹnu wo ni n ó tún fi sọ pé n ò fẹ́?” Ó di gàrí àti kúlíkúlí sínú aṣọ fún àwa méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

“Ṣé wàá bá mi wo ibẹ̀ dáadáa?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Tí o bá rí i pé Ìyá ti ń fajú ro, kí o ṣe nǹkan.”

“Kí ni kí n ṣe?”

Ó ronú sí i. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Mi ò mọ̀,” ó ní. “Ṣá ṣe nǹkan.”

Rélùwéè gbé wa lọ sí Èkó, a sùn lọ́dọ̀ ará ilé wa kan, a sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ta ìgbòkun ní ọjọ́ kejì. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìrìn àjò náà, nítorí Ìyá Aláró di ọrùn ọwọ́ mi mú ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí mo sì rántí jù ni ìnira ìka rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ń ka tẹ̀sùbáà. Ọ̀sà náà dákẹ́, ó dán. Àwọn ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn dúró sínú omi létí igbó, wọ́n ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ìkíni. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ wa bi Ìyá Aláró bóyá ó ti wọ ọkọ̀ omi rí. Ó ní òun kò rí ìdí tí èèyàn yóò fi wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, n kò tíì rí òkun, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé ọjà ńlá kan ló wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn yẹn, nítorí bí Ọjà'ba ṣe máa ń hó nìyẹn bí èèyàn bá gbọ́ ọ láti orí òkè Mápó, nígbà tí òkè náà ṣì jẹ́ òkè lásán, tí wọn kò tíì kọ́ nǹkan kan sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe la àárín àwọn àgbọn náà já, kò sí ọjà, kò sí èèyàn. Iyanrìn ni, àti omi tí kò ní òdìkejì. Wọ́n ti fa gbogbo ọkọ̀ sókè, wọ́n dojú wọn dé. Àwọ̀n wà lórí igi bí aṣọ tí a sá. Ìyá Aláró wo òkun náà fún ìgbà díẹ̀.

“Ó pọ̀,” ó ní.

Ilé tí à ń wá kò ṣòro láti rí. Ìyá ọmọkùnrin náà jókòó lábẹ́ ìbòòji, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà, wọ́n ń tún àwọ̀n kan tó ya ṣe. Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ le, èéfín ẹja yíyan sì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó náà pọn ọmọ sẹ́yìn.

“Ẹ kú ilé o,” Ìyá Aláró kí wọn pẹ̀lú ohùn tó yẹ kó dé Àgbádárìgì. “Oníṣòwò ẹja ni wá. Òkè la ti ń bọ̀.”

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo Ìyá Aláró, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ tó di apẹ̀rẹ̀ náà mú. Ojú rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì yára dorí kodò sínú àwọ̀n.

“Ẹ káàbọ̀ o, oníṣòwò ẹja,” ó ní. Yorùbá rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí orin. “Ẹ kú ìrìn. Ẹja náà, òní lẹ fẹ́ rà á?”

“Òní náà ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó.”

Ó ní kí ìyàwó lọ gbé ẹja yíyan wá láti inú ilé. Ìyá Aláró mú ọ̀kan. N kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ fún etí ẹja náà wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí àwọn oníbàárà ti ń bi í lórí ọjà láti ọjọ́ tó ti ń pa aró.

“Ṣé kì í ṣí?”

“Kí ni kì í ṣí, ìyá?” ìyàwó náà bi í.

“Dúdú ara rẹ̀ yìí. Bí a bá fọ̀ ọ́.”

Ìyàwó náà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba imú jáde. Mo wo ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí nílé wa, ìyàwó tó bá rẹ́rìn-ín àlejò lójú ìyá ọkọ rẹ̀ yóò gbọ́ tirẹ̀ dọ́la. Ìyá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó fara balẹ̀ dáhùn.

“Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ìyá, tí ẹ sì sá a sórí okùn, yóò rí bí ọjọ́ tí ẹ rà á.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán lòun náà bú sẹ́rìn-ín, ni àwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan di èjìká èkejì mú. Ìyá Aláró wò wọ́n. Kò bínú. Mo mọ ìgbà tó bá ń bínú. Ó ń wò wọ́n bí ó ṣe máa ń wo aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, tí kò tíì gbẹ, tí èèyàn kò sì tíì lè sọ ohun tí yóò jẹ́.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Akàn ni, nínú ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú edé pupa tó tóbi ju ìka mi lọ, òórùn rẹ̀ sì gbòde. N kò tíì rí akàn rí. Ó dà bí ohun tí ẹnì kan fi ìbínú ṣe, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò ní ìbínú kankan nínú.

“Ẹ ṣeun o,” Ìyá Aláró ní. “A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.”

Inú mi kùn ní àkókò yẹn gan-an, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Bó bá ṣe Ìbàdàn ni, wọn ìbá rọ̀ wá títí a ó fi jẹ ẹ́. Obìnrin náà kàn fi ìdérí dé ọbẹ̀ náà, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí a ti ń rí i. Àwa lọ sẹ́yìn ilé lọ po gàrí wa. Ìyá Aláró ti rò ó wò, ó ní omi kì í ṣe oúnjẹ, a lè gba omi lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n fún wa ní yàrá kan láti sùn sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó náà ní kí n bá òun lọ sí etí omi. Àwọn akàn kéékèèké ń sáré lórí iyanrìn níwájú wa, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n sì ń bọ́ sínú ihò kí ojú wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú omi lọ́hùn-ún, àwọn ẹja ńláńlá kan ń fẹ̀yìn yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n ń mí bí èèyàn. Mo dúró. N kò mọ̀ pé ohun tó wà nínú omi lè máa ṣeré.

“Wọ́n mọ̀ pé òní ni ọjọ́ wọn,” ìyàwó náà ní. “Òkun ń sinmi lónìí. Kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó ń kó ẹja jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń ra ẹja létí omi yìí ló mọ̀, wọn kì í wá.”

Ó sọ ọ́ láìwò mí. Ó sì fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé pé a kì í ṣe oníṣòwò ẹja. Mo tún rántí bí ìyá náà ṣe wo ọwọ́ Ìyá Aláró, mo sì rántí pé káfíńtà kan tó ń gbé ní Ìbàdàn yóò ti sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ẹni tó ń pa aró nínú ìdílé tí òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Mo padà sílé, mo sì dákẹ́. Bí mo bá sọ fún Ìyá Aláró, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíákíá, yóò sọ pé ojúlówó ìwà wọn kò ní í hàn mọ́, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì sunkún.

Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ ti gbé àwọ̀n ńlá wọnú omi, ó sì ti yí i ká padà. Okùn rẹ̀ méjèèjì wà létí òkun, ọkùnrin àti obìnrin sì tò sẹ́yìn wọn, wọ́n ń fà. Ìyá onílé wà níwájú, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Aláró dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń kí wọn kú iṣẹ́. Ni ìgbì kan bá gbá ẹsẹ̀ ìyàwó náà, ó yọ̀. Mo rí i bí Ìyá Aláró ṣe sọ apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá ìdí ọmọ mú lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi èkejì di okùn mú. Ìyàwó náà dìde, ó ń dúpẹ́. Okùn náà sì ń lọ, Ìyá Aláró kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń fún aṣọ tó mu aró yó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní agbára lápá. Kò pẹ́ tó ti ń pàṣẹ.

“Ẹ fà á o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?”

“Ará òkè ti gba okùn o!” ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì hó.

Àwọ̀n náà gòkè. Fàdákà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe, ẹja ń fò, akàn ń gun orí ara wọn. Láàárín wọn ni nǹkan kan wà tó tóbi bí agbada, tó ń fi ọwọ́ lu iyanrìn.

“Súbúhánálláhì!” Ìyá Aláró sún sẹ́yìn. “Ìjàpá rèé? Kí ni wọ́n fi bọ́ ọ?”

“Ìjàpá òkun ni,” ìyá onílé ní. “A kì í jẹ ẹ́ nílé wa.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀, àwọ̀n sì ti wé mọ́ ọn lọ́rùn àti lápá. Omi ń jáde ní ojú rẹ̀. Ibi tó ti há náà gan-an ni ibi tí àwọn obìnrin méjèèjì fi ọ̀sán àná tún ṣe. Ìyá onílé wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní kí wọ́n gé àwọ̀n náà. Ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ. Ìyá onílé tú ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó sì fi bo orí ìjàpá náà nítorí oòrùn.

“Iṣẹ́ àná gbogbo!” Ìyá Aláró kígbe. Ó dun òun náà bí pé òun ló hun ún.

“A ó tún un ṣe,” ìyàwó náà ní.

Bí wọ́n ṣe ń gé e lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin ń pín ẹja. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fa okùn ní ìpín, ìpín rẹ̀ sì ni wọ́n ń sè létí òkun níbẹ̀, kí onílùú àti àlejò jọ jẹ ẹ́. Wọ́n ti dáná. Wọ́n kó ẹja àti akàn síwájú Ìyá Aláró, ó ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ó wò ó. Mo rí i tó gbé itọ́ mì. “Ẹ ṣeun,” ó ní. “A ti yó.”

Ọkùnrin tó pín ẹja náà dúró pẹ̀lú akàn lọ́wọ́.

“Ìyá, àbí àwọ̀n wa ló burú ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ fa okùn, ẹ ò sì fẹ́ ohun tó mú wá. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?”

Iwájú orí Ìyá Aláró ti ká jọ. Mo mọ ojú yẹn. Bí ó ṣe máa ń fajú ro bí ẹni tó ń rajà bá ti bú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í pẹ́ sí i kó tó di aṣọ rẹ̀ padà. Bí ó bá di ẹrù rẹ̀ báyìí, kò ní í gba ibẹ̀ mọ́ láé. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé tó ń sọ pé kí n ṣá ṣe nǹkan. N kò rí nǹkan kan tí mo lè ṣe. Ìjàpá náà ti bọ́. Ó yí ara rẹ̀ padà sí omi, ó ń wọ́ lọ, ó ń sinmi, ó tún ń wọ́ lọ.

“Níbo ló ń lọ?” mo béèrè.

Gbogbo wọn wò mí. Láti àná, wọn kò tíì gbọ́ ohùn mi. Ìyàwó náà ló dáhùn.

“Yóò padà wá. Ẹyin ló fẹ́ wá yé sínú iyanrìn yìí. Wọ́n ní ibi tí òun náà ti jáde nínú ẹyin ló máa ń padà wá yé e sí, ibi yòówù kó ti lọ.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?” mo ní. “Níbo lẹ bí ọmọ ẹ̀yìn yín yìí sí?”

Mo gbọ́ bí Ìyá Aláró ṣe fa èémí.

Ìyàwó náà yí ojú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Lókè odò, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ìyá ọkọ mi yìí ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ nígbà tí oyún mi wúwo. Wọ́n ní àwọn yóò padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó tì mí títí ọmọ fi dé. Wọ́n sì ń bá ìyá mi jà lójoojúmọ́ lórí ọbẹ̀.”

“Ìyá rẹ̀ kì í fi ata sí nǹkan!” ìyá onílé kọ ojú sí Ìyá Aláró, bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn láti ọjọ́ náà. “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fẹ́ bímọ, wọ́n ń fún un ní ọbẹ̀ bí omi ìfọwọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ bímọ, n ò ní kí wọ́n lọ fi ebi pa á!”

Ìyá Aláró kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìjàpá náà. Ó ti dé ibi tí omi ti ń kan àyà rẹ̀. Ìgbì kan wá, ó gbé e díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Òmíràn wá, ó sì gbé e lọ. Ìyá Aláró fi ẹ̀yìn ọwọ́ aró rẹ̀ nu ojú. Ó lè jẹ́ omi iyọ̀ ni. Gbogbo wa la tutù.

Lẹ́yìn náà ó ká ìró rẹ̀ jọ, ó jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀.

“Ẹ gbé ìpín mi wá,” ó ní.

“Oníṣòwò ẹja,” ìyá onílé ní, “ṣebí ẹ ti yó?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fẹ́ jẹ. Àbí ẹ̀yin lẹ bá mi fa okùn?”

“Àwa kọ́ o! Ẹ̀yin nìkan lẹ fà á!”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n gbé akàn gbígbóná síwájú rẹ̀ lórí ewé. Kò mọ ọ̀nà tí a ń gbà jẹ ẹ́. Ó gé èèpo rẹ̀ jẹ, ó sì wò ó bí ẹni tí wọ́n fi òkúta tàn. Ìyàwó náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fọ́ ọ fún un, ó ń fi ẹran funfun inú rẹ̀ sí i lọ́wọ́, epo pupa sì ń ṣàn gba àárín àwọn ìka aró náà. Mo dúró níbi tí mo wà. Òfin ṣì ni òfin. Ìyá Aláró jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó tún jẹ ẹ̀ẹ̀kejì, kó tó rántí mi.

“Jẹun,” ó ní.

Nígbà tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi máa ń jiyàn lórí oúnjẹ tó dùn jù láyé. N kì í dá sí i. Mo mọ èyí tó dùn jù, mo sì mọ ìdí tó fi dùn bẹ́ẹ̀: nígbà tí mo fi ẹnu kan akàn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti ní ọkọ.

Títí Ìyá Aláró fi kú ló fi ń sọ nínú agboolé pé ìwádìí tí òun ṣe létí òkun, kò sí ẹnì kan tó fura. Ó máa ń fi bá àwọn ìyàwó ilé wí bí wọ́n bá tú àṣírí. N kò já a nírọ́ rí.

Ní ọjọ́ tí a ń padà, ó ná ẹja bí ẹni tó fẹ́ rà á ní tòótọ́. Ó ní ó wọ́n. Ìyá onílé ní kò wọ́n. Ó bínú, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó rìn díẹ̀, ó padà. Inú àwọn méjèèjì dùn gan-an. Ní ìkẹyìn, wọ́n kún apẹ̀rẹ̀ náà fún un dé ẹnu, wọ́n sì fi àgbọn lé e. Bí ó ṣe wọ ọkọ̀ báyìí ló ti fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ, ó ti dijú, ó ti ń gbàdúrà kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi.

Èmi ni mo kù sílẹ̀. Ìyá onílé fẹ́ gbé mi sọdá omi kí aṣọ mi má bàa tutù. Ó gbé mi, ó dúró díẹ̀, ó gbé ẹnu sí etí mi.

“Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. “Sọ fún un pé bó bá ń bọ̀, kó má ṣe bíi ti ìyá rẹ yìí, kó má wá lọ́jọ́ tí òkun ń sinmi. N ò ní í rí ẹja tútù tí n ó fi pàdé rẹ̀.”